Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìfági kékeré

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo bi yín léèrè ìfági kékeré tí ó yẹ kí n rà, nítorí pé èyí tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òṣogbo ń ya ìrókò níbi tí ayùn ti gé e. Ìmọ̀ràn pé kí n wá èyí tí abẹ rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní dígírì 12, tí ẹnu rẹ̀ (ihò tí abẹ ń gbà yọ) sì ṣeé sún, ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àlòkù ni mo rà. Kí n tó sanwó, mo gbé rúlà onírin lé ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo gbé e sókè sí oòrùn, n kò sì rí ìmọ́lẹ̀ kankan láàárín wọn, ìyẹn ni pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Mo pọ́n abẹ náà ní dígírì 25, tí ó fi jẹ́ pé, pẹ̀lú 12 ti ìdùbúlẹ̀ rẹ̀, dígírì 37 ni ó fi ń wọ igi, èérún rẹ̀ sì ń jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Omi díẹ̀ tí ẹnìkan ní kí n fi pa ojú igi ràn mí lọ́wọ́ lára afárá, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ lára ìrókò. Ohun tí ó kù ni àárín pákó tí ìṣàn igi rẹ̀ lọ́ mọ́ra, tí ó ṣì ń fà ya. Abẹ kejì tí n ó pọ́n ní dígírì 38, kí ó lè wọ irú ibẹ̀ ní dígírì 50 láì fà á ya púpọ̀, ni mò ń wá báyìí. Ẹ ṣeun.