Ẹni tó ti tan IPv6 nílé, kí lẹ rí níbẹ̀?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi ná, kẹ́yin náà wá sọ tiyín.

IPv6 ni ètò àdírẹ́sì tuntun tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, IPv4 ni ti àtijọ́. Ìyára ni mo ń wá tí mo fi tan án. Wọ́n ní ó ń sáré ju ti àtijọ́ lọ. Mo wọ inú ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, mo tàn án, mo wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì mi lẹ́ẹ̀mẹta. Bákan náà ni. Fídíò tó ń dúró lójijì kò yéé dúró. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò pa á, mi ò sì ro ti ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ máa ti ìta wọ kọ̀ǹpútà ilé ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Orí ẹ̀ ni fọ́tò àwọn ọmọ wà. Mo ṣí port, ìyẹn ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, nínú ráútà, pàbó. Mo pa firewall kọ̀ǹpútà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń dá àlejò tí a ò pè dúró, pàbó. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bá a jà. Ìgbà tó yá ni mo wo àdírẹ́sì tí wọ́n fún ráútà gan-an: 100.71 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín. Láti 100.64 dé 100.127, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 2012 fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè kó ọ̀pọ̀ ilé sábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo. Àdírẹ́sì IPv4 kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, oṣù Kejì ọdún 2011 ni èyí tó kù nínú àpò gbogbogbòò tán. Ilé mi ò ní àdírẹ́sì tiẹ̀ níta rárá! Ilẹ̀kùn yàrá ni mo ń ṣí láti ọjọ́ yìí, kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ onílé.

Mo bá rántí IPv6. Kọ̀ǹpútà yẹn ti ní àdírẹ́sì tiẹ̀, ó fi 2 bẹ̀rẹ̀, ó gùn bí okùn. Mo ṣí port kan péré fún un nínú firewall ráútà, mo pa Wi-Fi fóònù, mo fi dátà gbìyànjú ẹ̀. Ó wọlé! Igbe tí mo ké, ìyàwó mi sáré jáde láti yàrá.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà:
Ẹ kú oríire, sà. Tèmi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí mo tan tèmi, mò ń ka ohun gbogbo geere, àmọ́ tí mo bá ní kí n fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, á gbéra, á dúró, kò ní lọ, kò sì ní sọ pé òun ò lọ. Mo bú ilé-iṣẹ́ tí mo ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀ títí. Àṣé ọwọ́ ara mi ni. Mo ti gbọ́ níbì kan pé kéèyàn dènà ICMP, ìyẹn ìránṣẹ́ kéékèèké tí àwọn ẹ̀rọ fi ń sọ ìṣòro fún ara wọn, kí olè má baà rí i, mo wá dènà gbogbo èyí tó bá ń ti ìta bọ̀. Nínú IPv6, ráútà tó wà lójú ọ̀nà kì í gé ẹrù tó bá tóbi jù sí wẹ́wẹ́. Ńṣe ló máa ránṣẹ́ padà sẹ́ni tó dì í pé kó dín in kù, ICMPv6 ló sì ń jíṣẹ́ yẹn. Èmi ti ti ìránṣẹ́ mọ́ta. Ẹrù kékeré ń kọjá, ńlá ń ṣègbé sọ́nà. Mo yọ àmì tí mo fi dènà ICMP kúrò, ó parí.

Àbíkẹ́yìn:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, èmi ò tan nǹkan kan. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, mo yẹ fóònù mi wò, mo bá IPv6 níbẹ̀. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Mi ò mọ ìgbà tó dé! Ṣé kí n pa á? Bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá ní àdírẹ́sì tiẹ̀, ṣé gbogbo ayé ò ní máa wo inú ilé wa?

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò, má pa á. Bó o bá ń ṣí ojú ìwé, browser ń gbìyànjú méjèèjì, èyí tó bá tètè dáhùn ló ń lò. Firewall ráútà ló ń ṣọ́lé fún ọ. Tèmi ń lé ẹni tí a ò pè padà, àyàfi ibi tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣí. Ṣùgbọ́n yẹ tìẹ wò o, mo ti rí ráútà àtijọ́ kan tí firewall rẹ̀ mọ IPv4 nìkan. Ní ti pé wọ́n á máa tọpa ẹ, kọ̀ǹpútà máa ń pààrọ̀ ìdajì ẹ̀yìn àdírẹ́sì rẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìdajì iwájú ló ń tọ́ka sílé.

Ìdajì iwájú yẹn náà ò dúró sójú kan o. Mo tún ráútà tàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, àdírẹ́sì tí mo kọ sínú ìwé di òfo, àfìgbà tí mo lọ gba orúkọ kan tí mo lè fi pe kọ̀ǹpútà náà, tó ń tẹ̀lé àdírẹ́sì rẹ̀ kiri bó bá ti yí padà. Ibi iṣẹ́ mi ńkọ́? IPv4 nìkan ni wọ́n ní, mi ò lè ti ibẹ̀ wọlé. Dátà fóònù ni mo ṣì fi ń wo fọ́tò àwọn ọmọ níbẹ̀.