Ọkọ mi wà nílé, àmọ́ mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀

Ìbéèrè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àrùn Alzheimer, ìyẹn àrùn ọpọlọ tó máa ń sọni di onígbàgbé, ń ṣe ọkọ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ kọ́ ló ń dà mí láàmú: mo ń wẹ̀ fún un, mo ń fún un lóògùn, mo ń ṣọ́ ọ lóru kó má baà ṣílẹ̀kùn jáde. Àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ ló fẹ́ pa mí. Òun ni mo máa ń rò ó fún tẹ́lẹ̀ bí ọkàn mi bá dàrú. Ní báyìí, mo lè sọ̀rọ̀ títí, á kàn máa wò mí ni. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ò yà mọ́, àwọn ọmọ sì jìnnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú ipò yìí lókè òkun níbí, ọgbọ́n wo lẹ ń dá sí i?

Èsì:
Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfaradà. Ìyàwó mi ló ń ṣe ní tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àìmoore lẹ̀ ń ṣe. Ọ̀fọ̀ ni. Láti àwọn ọdún 1970 ni Pauline Boss, onímọ̀ nípa ìdílé ní Amẹ́ríkà, ti ń kọ̀wé nípa irú ọ̀fọ̀ yìí: ẹni náà wà níwájú ẹni, àmọ́ ẹni téèyàn mọ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Torí pé kò sí òkú nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá kíni.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́, ẹ̀rù ló ń ba ọ̀pọ̀ wọn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Èmi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp: ẹ wá láàárọ̀, torí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ má pọ̀ ju méjì lọ. Ẹ má bi í pé, “Ṣé o rántí mi?” Ẹ sọ orúkọ yín, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Ẹni tó bá sì ní kí n jẹ́ kóun mọ ohun tóun lè ṣe, ọjọ́ àti wákàtí ni mo máa ń fún un: “Bá mi jókòó tì í lọ́jọ́ Thursday, láti aago mẹ́wàá sí méjìlá.” Tẹ́ ẹ bá wá ráyè jáde, ẹ má fi gbogbo àkókò náà ra ọjà. Ẹ lọ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni ìsinmi.

Ó ku ọ̀kan. Àwọn tó ti dàgbà kí wọ́n tó kọ́ èdè ibi tí wọ́n ń gbé lè pàdánù rẹ̀ bí àìsàn yìí bá ń le sí i, kí wọ́n pa dà sí èdè àbínibí. Ó lè jẹ́ pé ohun táwọn nọ́ọ̀sì ń sọ ò yé ọkọ yín mọ́. Ẹ wá ẹni tó lè máa bá wọn sọ Yorùbá, kódà lórí fóònù. Ẹ tún máa kọ orin tí wọ́n mọ̀ nígbà èwe. Ìyàwó mi kì í dáhùn ìbéèrè mọ́, àmọ́ bí mo bá dá orin, á gbè é.

Èsì mìíràn:
Òótọ́ ni bọ̀dá sọ. Ìyá mi ni mò ń tọ́jú. Ẹ sọ fún dókítà nípa ara tiyín náà, pàápàá bí oorun ò bá wá. Ẹ béèrè ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú, àti ibi tó lè gba ọkọ yín lọ́sàn-án. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, iSupport lorúkọ ẹ̀.

Ìbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Tó bá wá ń sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé òun ń lọ sílé ńkọ́? Ilé la sì wà.

Èsì:
Kí ẹni náà má bá wọn jiyàn rárá. Kó ní kí wọ́n sọ bí ilé náà ṣe rí, kó sì máa gbọ́. Bí wọ́n bá dìde, kó bá wọn rìn díẹ̀ nínú ilé, kó tó fẹ̀sọ̀ mú wọn jókòó. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì kẹ́ ẹ tó jáde.