Ìmọ̀ràn: àkọsílẹ̀ mélòó ló yẹ kí láísẹ́ǹsì kan ní nínú KeePassXC?

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Kàbà nìyí: ẹ̀rọ 12, láísẹ́ǹsì (ìyọ̀ǹda láti lo ètò kọ̀ǹpútà) tó lé ní 30. KeePassXC, ètò tó ń tọ́jú páṣíwọ́ọ̀dù, la ń lò, torí fáìlì kan lórí ẹ̀rọ ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, iṣẹ́ ò dúró.

Kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń mú ètò ṣiṣẹ́, wà ní àyè páṣíwọ́ọ̀dù, kí ẹni tó ń kọjá má bàa rí i. Ọjọ́ tí yóò parí wà ní Expires, a sì so rìsíìtì PDF mọ́ ọn. A kì í fọwọ́ tẹ kọ́kọ́rọ́, ẹ̀dà la máa ń ṣe: nínú àmì 25 ti Windows, B àti 8 jọra jù, àṣìṣe ẹyọ kan sì ti tó kó má ṣiṣẹ́.

Ibi tó ta kókó ni láísẹ́ǹsì kan fún ẹ̀rọ 5. Bí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí kọ́kọ́rọ́ wá yí padà, a ó gbàgbé ọ̀kan dandan. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ibo la ó kọ orúkọ ẹ̀rọ sí, Notes ni àbí àfikún àyè lábẹ́ Advanced? Ṣé ẹnikẹ́ni ti lo Clone (ṣíṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀) tó ń fi reference (ìtọ́ka sí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́) rọ́pò páṣíwọ́ọ̀dù fún irú èyí?

OEM, láísẹ́ǹsì tó bá ẹ̀rọ wá, ńkọ́? Kò ṣeé gbé lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn bíi ti retail, èyí tí a rà lọ́tọ̀. Ṣé tag la ó fi yà wọ́n ni, àbí group?

Ẹ̀yin ará Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.