Kí ló pàṣẹ fún àwòrán ilé gígùn olókùúta ti Dartmoor?

Akẹ́kọ̀ọ́ Yaba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ ilé yíyà ni mò ń kọ́ ní Yaba. Olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù yan ilé àtijọ́ kan tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, kí ó yà á, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo yan ilé gígùn àwọn àgbẹ̀ Dartmoor, ilẹ̀ olókè kan ní agbègbè Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gíránáìtì ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n fi bò ó, yàrá sì tẹ̀lé yàrá lórí ìlà kan ṣoṣo. Ènìyàn ń gbé apá kan, wọ́n ń so màlúù sí apá kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn sì là wọ́n láàárín. Láyé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà kan náà ni onílé àti màlúù rẹ̀ ń gbà wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé òṣì ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ òkúta tí mo rí lára àwọn kan nínú ilé wọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ aláìní. Kí gan-an ló pàṣẹ fún àwòrán ilé náà: ẹran ni, òkúta ni, tàbí òtútù?

Ayàwòrán-ilé Ìsàlẹ̀ Èkó

Àbúrò, ìdàgẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ni ó pàṣẹ. Wọn kì í dá ilé gígùn yìí bùú lórí òkè. Gígùn rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ lé ojú ìdàgẹ̀rẹ́, tí orí rẹ̀ yóò wà lókè, tí ìdí rẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀. Orí ni ti ènìyàn, ìdí ni ti màlúù. Gọ́tà kan tí wọ́n fi òkúta tẹ́ gba àárín ibi ìso màlúù kọjá, ó sì yọ síta láti inú ihò tí ó wà nídìí ògiri ìparí, kí ìtọ̀ àti omi ìdọ̀tí lè máa ṣàn jáde fúnra wọn. Wọ́n ń so màlúù mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri méjèèjì, ìdí wọn kọjú sí gọ́tà, wọ́n sì ń to koríko gbígbẹ jọ sórí àjà lókè wọn. Bọ̀tọ̀ tí wọ́n bá kó jáde ni wọ́n fi ń wú oko. Ìwọ dá ilé náà bùú lórí òkè nínú àwòrán rẹ, kí o wo ibi tí ìdọ̀tí yóò gbà: yàrá onílé ni yóò wọ̀. Láti ara ìdàgẹ̀rẹ́ yìí ni gbogbo ìyókù ti jáde, títí kan ibi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ́ sí àti ibi tí wọ́n ń dáná.

Wo Higher Uppacott, nítòsí Poundsgate. Àwọn aláṣẹ ọgbà ìjọba Dartmoor ra ilé náà ní 1979, ó sì wà ní ipò kìíní láàárín àwọn ilé tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ibi ìso màlúù rẹ̀ di yàrá ìgbàlejò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe sí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ahoro abúlé Hound Tor, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960, irú ilé yìí mẹ́rin ni wọ́n bá, wọ́n sì bá gọ́tà nínú wọn.

Ní ti òṣì, màlúù ni ọrọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀. Nígbà òtútù, koríko kì í hù lórí òkè náà, yìnyín sì lè bo gbogbo ilẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ bọ́ ẹran rẹ̀, tí ooru ara ẹran sì tún ń ràn án lọ́wọ́ lóru, ọgbọ́n ni ó lò. Nínú agbo ilé àwọn baba wa náà, ewúrẹ́ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pe baálé ní tálákà nítorí rẹ̀.

Bíríkìlà Ẹ̀búté Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òkúta kún un, nítorí pé iṣẹ́ mi ni.

Ilẹ̀ Èkó iyanrìn àti irà ni. Gíránáìtì tí àwa mọ̀ ni èyí tí típà ń kó wá láti ìhà Abẹ́òkúta, tí ẹ̀rọ ti fọ́ wẹ́wẹ́ fún kọnkéré. Ti Dartmoor kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta tí ó wà káàkiri lójú ilẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń ṣà, wọn kò gbẹ́lẹ̀ wá a. Nígbà tí wọ́n bá ń tún oko ṣe, ilé ni wọ́n ń kó jọ yẹn. Ìgbà tí ó di 1820, tí wọ́n ṣí ojú irin ti Haytor lórí Dartmoor, èyí tí òkúta ni wọ́n fi ṣe irin rẹ̀, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kó gíránáìtì ibẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ tilẹ̀ dé ara afárá London Bridge tí wọ́n ṣí ní 1831.

Ẹ wo ara òkúta dáadáa kí ẹ tó yà á. Kí ó tó di nǹkan bí 1800, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ lé ara wọn lórí ìlà kan, wọ́n á ki èèkàn irin bọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa lù ú títí òkúta yóò fi là. Lẹ́yìn ìgbà náà, ihò róbótó ni wọ́n ń lu. Àpá rẹ̀ kì í parẹ́: bí ẹ bá rí ìdajì ihò róbótó ní ẹ̀gbẹ́ òkúta férémù ilẹ̀kùn kan, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ni ilẹ̀kùn yẹn, bó ti wù kí ògiri náà gbó tó.

Ògiri náà sábà ń nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta. Ojú méjì ni: òkúta ńlá níta, òkúta ńlá nínú, wọ́n á sì fi amọ̀ àti òkúta kéékèèké dí àárín. Èyí tí ó tóbi jù lọ ni wọ́n ń fi sí ìsàlẹ̀ àti igun. Gíránáìtì fúnra rẹ̀ kì í fa omi púpọ̀. Ibi tí òkúta ti pàdé òkúta ni òjò ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ó sì gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi bí mo bá rí àwòrán ilé àtijọ́ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Sìmẹ́ǹtì á sán, omi á wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ògiri á sì máa rin láti inú. Amọ̀ àti láìmù ni ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yaba

Mo dúpẹ́ gidigidi, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yí àwòrán mi padà kí ó lè tẹ̀lé ìdàgẹ̀rẹ́. Ohun kan ṣì kù. Mo kà pé ilé wọ̀nyí kò ní ojú èéfín níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo àwòrán tí mo ń rí ni ó ní èyí tí ó tóbi gan-an. Ìgbà wo ni kí n yà?

Ọmọ Pópó Àgùdà

Ẹ yà á ní ìgbà gbogbo, àbúrò mi. Níbẹ̀rẹ̀, àárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn ni wọ́n ń dáná sí, kò sí àjà lókè, èéfín sì ń wá ọ̀nà rẹ̀ gba inú koríko jáde. Ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún àti kẹtàdínlógún ni wọ́n mọ ojú èéfín olókùúta ńlá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kẹ́yìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí èéfín ti ní ọ̀nà tirẹ̀, ó ṣeé ṣe láti tẹ́ pákó, kí wọ́n sì sùn lókè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ onílé mọ ògiri dí ẹ̀gbẹ́ ibi ìso màlúù, tí wọ́n sì lu ilẹ̀kùn tirẹ̀ fún màlúù.

Òrùlé náà ni ìwé ìtàn tí ó dára jù níbẹ̀. Ní Devon, bí koríko bá gbó, òkè rẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà ń ṣí, wọ́n á sì to tuntun lé èyí tí ó kù. Nítorí náà, ipele ìsàlẹ̀ pátápátá lè jẹ́ èyí tí wọ́n tò nígbà tí iná ṣì ń jó láàárín gbọ̀ngàn, tí èéfín ti sọ di dúdú kirikiri. Irú rẹ̀ ṣì wà ní Higher Uppacott. Àwọn onímọ̀ ti rí pòròpórò àlìkámà àti ọkà ráì ayé àtijọ́ nínú irú ipele bẹ́ẹ̀, irúgbìn tí ẹnikẹ́ni kò gbìn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí pé ilé Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní 2016. Kò sí ipele kankan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò níbẹ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yaba

Ẹ ṣeun, mà. Báwo wá ni koríko ṣe ń gba òjò Dartmoor, tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ayàwòrán-ilé Ìsàlẹ̀ Èkó

Gíga òrùlé ni. Ó dúró ṣánṣán tó ìwọ̀n igun 50, nítorí náà òjò á yọ̀ kúrò kí ó tó jìn wọ inú. Awẹ́ òkè nìkan ni ó ń tutù. Bèbè òrùlé yọ jáde kọjá ògiri, ọ̀ṣọ̀rọ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ jìnnà sí ìdí òkúta. Pòròpórò àlìkámà tí wọ́n tò dáadáa lè lo ọdún 25 sí 40, ṣùgbọ́n góńgó òrùlé yóò fẹ́ àtúnṣe ṣáájú ìgbà náà. Iná ni ọ̀tá rẹ̀. Àwa ará Èkó mọ ìyẹn, nítorí pé iná tí ń jó òrùlé koríko léraléra ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún wà lára ohun tí ó sọ wá di onípáànù.

Má fi àwòrán ojú ilé bẹ̀rẹ̀ o. Gé ilé náà ní gígùn, láti ògiri òkè dé ihò gọ́tà ìsàlẹ̀, kí ìlà ilẹ̀ sì hàn gbangba lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ya ojú èéfín, àjà àti ilẹ̀kùn màlúù, gẹ́gẹ́ bí màmá ti wí.