Ìgbà wo ló yẹ kí a lo loopback lórí firewall?

Ìbéèrè (Ṣàgámù): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mo ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ṣàgámù níbí, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nípasẹ̀ fáíbà, èkejì nípasẹ̀ rédíò. Orí fáíbà ni mo gbé VPN (ọ̀nà àdáni tó so ọ́fíìsì méjèèjì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) sí, nítorí náà bí àwọn tó ń la ọ̀nà bá ti gé e, ẹ̀ka wa ti já nìyẹn, bẹ́ẹ̀ rédíò ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n gbé VPN náà sórí loopback firewall wa (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Ṣé ìyẹn nìkan tó?

Èsì (Ìjẹ̀bú-Òde): Loopback jẹ́ ojú ìsopọ̀ tí a dá sínú firewall fúnra rẹ̀, kò ní wáyà lára. Níwọ̀n ìgbà tí firewall bá ti wà ní títàn, tí a kò sì fọwọ́ ara wa pa loopback náà, kì í kú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó fún adirẹ́sì tí a kò fẹ́ kó bá okùn kan ṣoṣo lọ: ibi tí VPN ń parí sí, ìdánimọ̀ tí OSPF àti BGP (ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn) ń lò, tàbí ibi tí a ń gbà wọlé ṣàtúnṣe. /32, ìyẹn adirẹ́sì kan ṣoṣo, la sábà máa ń fún un.

Èsì (Ìpẹru): Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀ ni ìṣòro. Bí ẹ bá fi adirẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ fáíbà fún yín sórí loopback, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni ayé yóò máa gbà wá a, tí fáíbà bá sì já, kò sẹ́ni tí yóò rí i láti orí rédíò, bó tilẹ̀ wà láàyè. Àfi kí ẹ gba adirẹ́sì tiyín lọ́dọ̀ AFRINIC (àjọ tó ń pín adirẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà), kí ẹ fi BGP kéde rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ méjèèjì, èyí tí kò sì gbọdọ̀ kéré sí /24 (adirẹ́sì 256). Lójú tèmi, ìnáwó yẹn ti ju agbára ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ. Ẹ kúkú ṣe VPN méjì, ọ̀kan lórí fáíbà, ọ̀kan lórí rédíò, kí OSPF máa gba inú méjèèjì. Ibẹ̀ gan-an ni loopback yóò ti wúlò fún yín: ẹ fún firewall Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀kan, kí OSPF kéde rẹ̀, ẹ óò sì máa fi adirẹ́sì kan náà wọlé sí i láti Ṣàgámù, èyíówù tí ì báà já nínú VPN méjèèjì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé zone inú ọ́fíìsì (àwùjọ ìsopọ̀ tí òfin firewall kan náà ń ṣàkóso) ni kí n fi loopback náà sí?

Èsì (Ìpẹru): Rárá, ẹ fún un ní zone tirẹ̀, kí òfin firewall sì gba SSH àti HTTPS (ọ̀nà ìwọlé méjì tó ní ààbò) nìkan láyè, láti orí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀.