Ṣé ó dáa kí n máa lọ oògùn BP sínú ògì màmá mi?

Àbígbẹ̀yìn: Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá mi ti pé ọdún 68, ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti pa á tì torí wọ́n ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 nílé àdúrà, ẹnì kan wá jẹ́rìí níbẹ̀ pé òun ti da oògùn tòun nù, ara òun dẹ̀ le. Màámi ní tóun bá tún ń gbé oògùn mì, ṣé òun ò máa pe Ọlọ́run lónírọ́ nìyẹn. Mo yẹ BP wọn wò lánàá, 178/104. Bọ̀dá mi ní ká máa lọ̀ ọ́ kúnná sínú ògì wọn, wọn ò ní mọ̀. Mo ti lọ ẹyọ kan o, ó wà nínú bébà níwájú mi níbí, ọwọ́ mi ò gbà á. Ẹ̀mí wọn ni mo fẹ́ gbà là, àmọ́ ṣé mo wá lè máa tan ìyá mi bí ẹni ń tan ọmọdé?

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn: Ẹ dákun ẹ má ṣe é. Orí màmá pé, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kọ̀, ara wọn sì ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹun lọ́wọ́ yín mọ́, tí dókítà bá tún wá kọ òmíì fún wọn láìmọ̀ pé ọ̀kan ti ń gba inú ògì wọlé ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, ohun tó fi ń tàn wá nìyẹn, ara á yá gágá títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan ò gbé, lójú ẹsẹ̀ ni o. Ẹ tún bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ wọn ń wú, amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, dókítà lè pààrọ̀ ẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ẹ má bá màmá jà, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1918 tí infúlúẹ́ńsà ń pa èèyàn, Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni Ṣàdàrè àti Sophia Ọdúnlámì ti kó ẹgbẹ́ aládùúrà jọ, torí oògùn òyìnbó ìgbà yẹn ò rí i ṣe. Nígbà tó yá, kuníìnì, oògùn ibà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò, wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kí ìjọ aládùúrà CAC (Christ Apostolic Church) tó dá dúró. Torí náà, lójú ẹni tó dàgbà sínú ẹ̀, oògùn lílò ju oògùn lásán lọ, ọ̀rọ̀ bóyá o gba Ọlọ́run gbọ́ ni. Inú Bíbélì náà ni kẹ́ ẹ ti bá wọn sọ ọ́. Ọba Hesekáyà ń ṣàìsàn, ó gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ẹ̀, síbẹ̀ wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ ka ìwé Àìsáyà orí 38. Àdúrà ti gbà ná kí wọ́n tó lẹ nǹkan mọ́ ọn! Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Ìyá_Ìbejì: Mùsùlùmí ni mí o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Nínú Súrà Bákárà, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ní kí aláìsàn jẹun kó san ààwẹ̀ ẹ̀ padà lọ́jọ́ míì. Àlàáfíà tá a fi ń kíra wa yẹn, látinú Lárúbáwá ló ti wá, ìlera ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwa wá fẹ̀ ẹ́ títí ilé, ọmọ àti ọkàn fi wọnú ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bi màmá ní BP, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ṣé àlàáfíà ni.

Àbígbẹ̀yìn: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo da ìyẹ̀fun yẹn nù, mo jókòó tì wọ́n. Ẹsẹ̀ ń wú lóòótọ́! Ó ti lé lọ́dún kan, wọ́n rò pé oògùn ń ba kíndìnrín àwọn jẹ́, wọ́n sọ fún dókítà, kò gbójú sókè, ó kàn kọ ọ̀kan náà fún wọn. Nílé àdúrà làwọn èèyàn ti bá wọn di ẹsẹ̀ yẹn mú tí wọ́n fi òróró pa á. Omijé bọ́ lójú mi. Mo ka Hesekáyà fún wọn, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n ní àwọn á tẹ̀ lé mi lọ rí dókítà míì tí màmá wòlíì ilé àdúrà wọn bá lè bá wa lọ. Mo ti pè wọ́n, wọ́n gbà, Ọjọ́bọ̀ la ń lọ.