Ojú ọmọ mi pọ́n, kò sì fẹ́ fi fóònù sílẹ̀. Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Dámi, Iléṣà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ti sú mi. Ọmọ ọdún 17 ni. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi ń dà níbẹ̀, kò lè wo iná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo pé fóònù yìí ni yóò fọ́ ọ lójú, kò gbọ́. Aago 1 òru ni mo máa ń ká a mọ́ abẹ́ aṣọ ìbora tí iná fóònù ń tàn sí i lójú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ dá a padà fún un! Mo se ẹ̀fọ́, ẹran inú rẹ̀ nìkan ló ṣà jẹ. Mo ra kárọ́ọ̀tì lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, àbúrò rẹ̀ ló jẹ ẹ́ tán. Ọ̀gá rẹ̀ tún ń pè mí pé ó ń pa iṣẹ́ jẹ, bẹ́ẹ̀ owó tí a san kó tó wọ iṣẹ́ náà kò kéré. Ẹ jọ̀ọ́, irú gíláàsì wo ni mo lè rà tí iná fóònù kò fi ní wọ̀ ọ́ lójú mọ́? Mo ń kán oògùn sí i, á rọ̀ díẹ̀, á tún padà.

Olùkọ́ Lágéré: Ìyá Dámi, ẹ má tíì náwó sórí gíláàsì. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ fóònù kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, omi ojú a gbẹ, ojú a wá máa ta á. Bí ó bá ti wò ó fún ìṣẹ́jú 20, kó gbójú sókè, kó wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kó má tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ náà.

Ìyá Olóúnjẹ: Kárọ́ọ̀tì nìkan kọ́ ni oúnjẹ ojú o. Ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, epo pupa. Ẹ má sì dá epo náà lórí iná títí yóò fi funfun, pípọ́n yẹn gan-an ni ohun tí ojú ń fẹ́ nínú rẹ̀, iná ti pa á.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Ẹ dúró ná. Ṣé ojú kan ni àbí méjèèjì? Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá fọwọ́ bo èyí tí kò dùn ún, ṣé èyí tó pọ́n ríran? Iṣẹ́ wo ló ń kọ́? Kí ni orúkọ oògùn tí ẹ ń kán? Láìsí ìdáhùn márùn-ún yìí, òkò òkùnkùn ni gbogbo wa ń sọ.

Ìyá Dámi, Iléṣà: Ẹ ṣé, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń kọ́ ní Ìṣọ̀kùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló fà á, ọ̀gá rẹ̀ ní gbogbo ọmọ iṣẹ́ òun ló ní gíláàsì dúdú. Fóònù ni.

Àgbà Wẹ́dà: Gíláàsì dúdú wo? Èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóde kò lè dí iná wẹ́dà. Bí ó bá jẹ́ iná tí a fi rọ́ọ̀dù jó, gíláàsì inú ìbojú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́mbà 10 ó kéré tán, tí iná bá le, 11 tàbí 12. Nọ́mbà 5 tí wọ́n fi ń gé irin pẹ̀lú gáàsì kò tó o. Ìbojú náà gbọ́dọ̀ bo gbogbo ojú dé ọrùn, nítorí iná ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kódà lára ẹni tó kàn dúró ti ẹni tó ń jórin. Ìtànṣán inú iná yẹn máa ń jó awọ dídán iwájú ẹyinjú. Kì í dun ni lójú ẹsẹ̀. Tó bá di wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn náà, láàárín òru, ojú méjèèjì á wá dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti ń lọ. Ìyẹn ló ṣe é.

Àdùnní Mọ́ọ̀rè: Bó bá jẹ́ iná wẹ́dà ni, ẹ wá abiyamọ kan kó fún omi ọmú sí i. Kíá ni.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Ẹ má ṣe é. Omi ọmú máa ń kó kòkòrò láti ara awọ ọmú àti ẹnu ọmọ. Bí awọ ojú bá ti bó, a ti gbin kòkòrò náà sínú ọgbẹ́ nìyẹn. Ìtọ̀ àti omi ṣúgà náà kò dáa.

Àdùnní Mọ́ọ̀rè: Ohun tí àwọn ìyá wa ń lò láti ayébáyé ni.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Ẹ jẹ́ ká fi àríyànjiyàn yẹn sílẹ̀. Ìyá Dámi, ẹ kò tíì dáhùn. Ojú kan àbí méjì?

Ìyá Dámi, Iléṣà: Ojú ọ̀tún nìkan ni. Ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ẹ má bínú sí mi nípa oògùn, oògùn gidi ni, ti ìyá ọkọ mi ni, wọ́n ń lò ó dáadáa. Tí mo bá kán an, kò ní pé wákàtí méjì tí pípọ́n náà á fi rọ̀.

Àgbà Wẹ́dà: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ti iná wẹ́dà kì í mú ojú kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í lo ọjọ́ 9. Ẹ bi í, kí ló ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an? Ṣé ó ń lọ irin ni, àbí ó ń lu nǹkan?

Ìyá Dámi, Iléṣà: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í báyìí. Ó ní òun ń fi òòlù lu ṣísẹ́lì láti gé bóòtù kan tó ti dípẹtà. Nǹkan ta sí òun lójú, kò dun òun ju ìgbà tí kòkòrò bá jẹ èèyàn lọ. Kò sọ fún mi, ó ní mo máa lọ bá ọ̀gá òun jà. Mo mú un jáde síta láti wò ó. Ọmọlójú rẹ̀ kò rí roboto bíi ti òsì. Ó fà gùn sísàlẹ̀ bí omi tó fẹ́ kán. Ó ní ìka mi lòun ń rí, òun kò lè kà á.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Irin ti wọ inú ẹyinjú náà. Alẹ́ yìí ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀la. Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà nítòsí yín níbẹ̀, abẹ́ OAUTHC ni, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ Ifẹ̀, ẹ má dá a dúró, kò ju nǹkan bí kìlómítà 30.

Ẹ má tẹ ojú náà, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má kán nǹkan kan sí i mọ́. Omi púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 jẹ́ ti ásíìdì bátìrì, ẹfun tàbí sódà ọṣẹ tó ta síni lójú. Ti irin kọ́. Ẹ gé ìdí ife páálí, kí etí rẹ̀ jókòó lórí egungun yí ojú ká, kí ó má kan ẹyinjú, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ má ki òwú sábẹ́ rẹ̀. Kó má jẹun, kó má mumi, nítorí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Kó má fun imú, kó má tẹ̀ ba, kó má gun ọ̀kadà. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, “irin” ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí wọ́n lè ya fọ́tò inú ojú, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sínú ẹ̀rọ MRI, òòfà rẹ̀ á fa irin náà. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Pípọ́n tó ń rọ̀ yẹn ló tàn yín jẹ. Tí ẹ bá rí dexamethasone tàbí betamethasone lára ìgò náà, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa ìrora àti pípọ́n mọ́lẹ̀, ó sì ń di ara lọ́wọ́ láti bá kòkòrò jà.

Àgbà Wẹ́dà: Ẹ sọ fún ọ̀gá yẹn kó wo orí ṣísẹ́lì rẹ̀. Bí a bá ti lù ú títí, orí rẹ̀ á tú bí olú, etí tó tú yẹn ló ń já fò. Kó fi òkúta ìlọrin lọ olú náà kúrò kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ gíláàsì funfun tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, kódà lábẹ́ ìbojú dúdú, nítorí wọ́n máa ń ṣí i tí wọ́n bá fẹ́ gbá èépá kúrò lára irin tí wọ́n jó.

Ìyá Dámi, Iléṣà: A ti dé Wesley Guild. Wọ́n ní fọ́tò fi irin hàn, wọ́n ń kọ ìwé Ifẹ̀ fún wa. Dexamethasone ló wà lára ìgò náà lóòótọ́. Ìyá ọkọ mi ti ń kán an fún bí ọdún kan, ojú máa ń yún wọn ni. Ṣé ó ní ohun tó lè ṣe wọ́n ni?

Nọ́ọ̀sì Ojú: Bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè láìsí ìrora, ìríran á máa jẹ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ mú ìgò náà dání lọ Ifẹ̀ lálẹ́ yìí, kí màmá náà lọ sí ilé ìwòsàn ojú láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n wọn ìfúnpá náà.

Ìyá Dámi, Iléṣà: Ojú òsì nìkan ni wọ́n ń kán an sí.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Kí wọ́n wọn méjèèjì.